Kóńgò Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, mo ra ẹ̀wà kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ ìyá kan tí a jọ wà nínú ìjọ kan náà, onínúure ènìyàn tí agogo ìsìn kì í lù kí ó má bá a ní ìjókòó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi fi kóńgò ti ilé wọ̀n ọ́n, mẹ́jọ ni ó pé, ìkẹsàn-án kò kún dé ìdajì. Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá yìí jọ kúnlẹ̀, a jọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, a sì jọ jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọrẹ lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ Ajé kí n tó ráyè wo kóńgò ìyá náà dáadáa: òòlù ni wọ́n fi lu ìdí rẹ̀ wọnú títí ó fi yọ bí ìdodo ọmọ ọwọ́, òkìtì ẹ̀wà tí ó sì ń ga lórí rẹ̀ lójú oníbàárà ni ó ń bo àìkún tí ó wà nísàlẹ̀.

N kò sọ èyí láti tú àṣírí ẹnikẹ́ni, nítorí òun nìkan kọ́: akọ̀wé tí ó dé ibi iṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá tí ó kọ agogo mẹ́jọ sínú ìwé, àti bíríkìlà tí ó ń fi iyanrìn rọ́pò sìmẹ́ńtì nígbà tí onílé kò sí nítòsí, kóńgò tiwọn náà ti wọnú. Ọwọ́ àwa tí a ń rajà gan-an kò mọ́. Ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, tí ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi owó díẹ̀ lé ọjà, òun ni a ó sọ pé ọjà rẹ̀ wọ́n, tí a ó sì kọjá lára rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń rèké: owó ọwọ́ wa wà lára ohun tí ó lu ìdí kóńgò yẹn wọnú.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣókùnkùn sí wa. Láti 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, ìwé Amosi sì wà nínú rẹ̀, darandaran Tekoa tí ó bá àwọn ọlọ́jà Ísírẹ́lì wí ní ohun tí ó lé ní 2,700 ọdún sẹ́yìn, àwọn tí wọ́n ti ìsọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn ń ka wákàtí, pé nígbà wo ni yóò parí kí àwọn lè gbé òṣùwọ̀n kékeré jáde. Àwọn wọ̀nyí kò pa ìsìn jẹ. Orin wọn ń dún, ẹbọ wọn ń rú èéfín. Síbẹ̀ Ọba arínú-róde, olùmọ̀ràn ọkàn, ní kí wọ́n gbé ariwo orin náà kúrò létí òun. Sakeu agbowó-òde mọ ojú ọ̀rọ̀ náà ní Jẹ́ríkò: iye tí yóò dá padà fún ẹni tí ó bá ti rẹ́ jẹ ni ó dárúkọ, ìlọ́po mẹ́rin.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn àlùfáà wa. Nígbà Ìkórè, a máa ń kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbò àti adìyẹ wá síwájú pẹpẹ. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà gbé kóńgò rẹ̀ wá pẹ̀lú, èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, kí a gbàdúrà lé e lórí lójú gbogbo ìjọ.

Mo ti bá ìyá ẹlẹ́wà sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Kò bá mi jà; ó fi ọwọ́ pa ìdí kóńgò náà, ó ní, "Bàbá, àpò ẹ̀wà tí èmi náà rà kò pé. Bí mo bá ra kóńgò tuntun, tí mo sì fi owó lé e, ṣé ẹ ó ṣì máa rà á lọ́wọ́ mi?" Mo ní n ó máa rà á. Ó ní kí n bá òun bi àwọn yòókù nínú ìjọ.