Ibùdó Tí Kò Ní Ilé

Ní ìhà àríwá Minnesota, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ààlà Kánádà, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Boundary Waters. Fífẹ̀ rẹ̀ ju éékà mílíọ̀nù kan lọ, àwọn adágún inú rẹ̀ sì ju 1,000 lọ. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àti àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja máa ń lọ pàgọ́ sí etí omi. Kò sí ilé àlejò níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí iná mànàmáná. Ohun tí ìjọba pèsè sí ibùdó kọ̀ọ̀kan kò ju ààrò onírin kan àti ṣálángá kan lọ. Níbi tí adágún kan bá parí sí, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni yóò mú arìnrìn-àjò dé èkejì, òun pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ lórí èjìká.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé: Bí a kò bá kọ́ ohunkóhun síbẹ̀, òfin wo ni a tún ń wá? Àwa wí pé níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé wà. Òfin ni ó dá a sí, bí òfin bá sì yẹ̀ lónìí, ibùdó náà kò ní pẹ́ bàjẹ́.

Ẹ wo bí ó ti rí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń balẹ̀ sórí adágún, wọ́n sì ń sùn sí ilé àlejò tí àwọn oníṣòwò kọ́ sí àárín igbó. Ẹni tí ó fi àjẹ̀ làágùn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó débẹ̀ yóò wá bá ariwo tí ó sá fún nílé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1949, Ààrẹ Truman pàṣẹ pé ọkọ̀ òfuurufú kò gbọdọ̀ fò lórí igbó náà ní ìsàlẹ̀ 4,000 ẹsẹ̀ bàtà láti ojú òkun. Òfin mìíràn tẹ̀lé e ní 1964, àti òmíràn ní 1978, èyí tí ó lé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kúrò lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn adágún náà.

Lónìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún títí dé òpin oṣù kẹsàn-án, iye ẹgbẹ́ tí ó lè gba ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wọlé lójúmọ́ láti lọ sùn níbẹ̀ ní ìwọ̀n, ìwé àṣẹ sì ni wọn yóò fi wọlé. Ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 9 àti ọkọ̀ 4 lọ. Agolo àti ìgò oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọlé. Igi gbígbẹ tí ó ti wó lulẹ̀ ni wọ́n ń ṣà dáná. Ibùdó ibẹ̀ tó bí 2,000, kò sì sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi owó gbà sílẹ̀ de ara rẹ̀: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò pàgọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ àti gbẹ́nàgbẹ́nà, ilẹ̀ kan náà ni wọn yóò sùn lé, ẹ̀fọn kan náà ni yóò sì jẹ wọ́n.

Àwọn kan ń kùn pé ìwọ̀n yìí le jù, pé igbó tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò yẹ kí ó ní oníbodè. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń kà wá yóò dá wọn lóhùn jù wá lọ, nítorí ẹ mọ̀ pé ọjà tí kò ní olórí kò ní pẹ́ tú. Ẹni tí ó dé ibùdó ní ìrọ̀lẹ́, tí òjò ń pa á, tí ó bá ìfun ẹja àti àfọ́kù ìgò nínú ààrò, kí ni òmìnira ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣe fún un? Àwọn àgbà wa ní, ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi òtítọ́ pamọ́: òfin yìí dun àwọn kan. Àwọn ẹ̀yà Ojibwe ni ó ti ń wa ọkọ̀ lórí omi wọ̀nyí kí àwọn òyìnbó tó dé. Nínú àdéhùn ọdún 1854 tí wọ́n fi fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n di ẹ̀tọ́ ọdẹ àti ẹja pípa mú, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Òfin ọdún 1948 fún ìjọba ní àṣẹ láti ra ilẹ̀ àwọn tí ó ní ilé àlejò nínú igbó. Ní ọdún 1977, ní ìlú Ely, ìbínú àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ère Sigurd Olson, òǹkọ̀wé tí ó ń jà fún igbó náà tí ó sì ń gbé láàárín wọn, tí wọ́n sì so ó rọ̀. A kò pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Oúnjẹ ọmọ wọn ni wọ́n ń jà fún. Bí ìjọba bá fẹ́ dá ohun kan sí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kò tọ́ kí ó di gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí aládùúgbò nìkan. Kí ó san owó tí ó tọ́, kí ó sì san án ní àsìkò.

Síbẹ̀, Ely kò parun. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ háyà àti àwọn tí ń ta àgọ́ àti ìwọ̀ ń jẹun níbẹ̀ dòní, nítorí pé igbó náà wà bí ó ti wà. Bí ilé bá kún etí adágún wọ̀nyí, ta ni yóò ti ọ̀nà jíjìn wá háyà ọkọ̀ láti lọ wo ilé?

Nítorí náà, ní tiwa, ó sàn kí ẹni tí kò rí ìwé àṣẹ gbà ní ọdún yìí dúró de ọdún tí ń bọ̀, ju kí ó wọlé lónìí kí ó má sì bá ohun tí ó wá wò mọ́.