Ẹ Gba Ìwé Ẹ̀rí Ikú Kí Ẹ Tó Yan Aṣọ Ẹbí

Nílẹ̀ Yorùbá, bí àgbàlagbà bá kú, kì í pẹ́ tí ìpàdé ẹbí á fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ ti màlúù, wọ́n á sọ ti kánópì àti olórin, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí àwọ̀ aṣọ ẹbí. Mo ti bu omi fún àwọn àgbà nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan béèrè pé, "Ta ni yóò lọ fi orúkọ òkú yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba?" Mo ń sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ìkan nínú pé ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣíwájú màlúù.

Àwọn kan á ní kí ni òkú fẹ́ fi ìwé ṣe. Òkú kò nílò ìwé lóòótọ́. Àwọn tó fi sílẹ̀ ló nílò rẹ̀. Báǹkì kò mọ̀ pé ẹ ti se àsè, kò sì ka pátákó ìdágbére tí ẹ gbé sí oríta. Bí kò bá rí ìwé ẹ̀rí ikú, lójú tirẹ̀, ẹni náà ṣì wà láyé, owó rẹ̀ kò sì ní kúrò níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Bí ẹbí bá sì lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ láti gba àṣẹ lórí ogún ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún, ìwé ẹ̀rí ikú wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Àbúrò màmá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ìrìn-àjò ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wí. Ìwé tí dókítà kọ wà lápò ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ àpò ẹni tó jẹ́. Nígbà tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ dé, Àǹtí lọ sí báǹkì, wọ́n ní kó lọ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ Àjọ Ìkànìyàn ni. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn, ẹni tó ń kọ ọ́ kò sí lórí ìjókòó. Ó padà lọ, wọ́n ní ìwé dókítà ńkọ́? Ó tún padà lọ, ẹnì kan béèrè owó omi lọ́wọ́ rẹ̀. Owó omi, lọ́wọ́ opó! Kí gbogbo rẹ̀ tó parí, ó ti ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó fi ń jẹun. Bẹ́ẹ̀, aṣọ ẹbí tí wọ́n yàn fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ ṣì wà nínú àpótí ilé wa, wọ́n kò wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Láti 1992 ni òfin kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 69, ti sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà pé kí a máa forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni pé Òfin Ilẹ̀ Wa ti 1999 ka ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, òfin kan náà sì tún fún Àjọ Ìkànìyàn, tí a mọ̀ sí NPC, láṣẹ láti máa ṣe àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú káàkiri orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ kan, ọ̀gá méjì. Ara opó ló ń fi gbà á.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ènìyàn bá kú sílé ìwòsàn, dókítà a máa kọ ìwé tó sọ ohun tó pa á. Ìwé yẹn kọ́ ni ìwé ẹ̀rí ikú o! Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Òun ni ẹ ó mú lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé NPC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ olóògbé àti ti ẹni tó wá fi ikú náà tó wọn létí. Akọ̀wé yóò kọ orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ ikú àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ńlá, kó tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ yẹ orúkọ wò dáadáa kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà ní báǹkì mu, lẹ́tà sí lẹ́tà, báǹkì kò mọ "Bàbá Ṣadé." Bó bá ṣe ilé ló kú sí, wọ́n lè ní kí ẹbí lọ búra ní kóòtù, kí wọ́n sì mú létà wá láti ọ̀dọ̀ ìjọ, mọ́ṣáláṣí tàbí ibi ìsìnkú. Ó rọrùn láti rí ẹlẹ́rìí lọ́sẹ̀ tí ìrora ṣì tutù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ máa wá wọn tì.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn ènìyàn wa tó wà lókè òkun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọjọ́ 5 ni òfin fún ẹbí láti forúkọ òkú sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba ìwé aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa mú fún àwọn asìnkú. Ní Chicago, ọ́fíìsì akọ̀wé Cook County, ohun tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ni ẹbí ti lè gba ẹ̀dà ìwé ikú, kódà ti ẹni tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ á tò sórí ìlà, kò ní ráhùn. Bí bàbá rẹ̀ bá wá kú nílé, owó màlúù nìkan ló máa fi ránṣẹ́.

Wọ́n á ní ọ̀fọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú kan ìwé. Àwọn àgbà kan náà ló kọ́ wa pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọ́n á ní Mùsùlùmí kì í pẹ́ sin òkú. Ta ló ní kí wọ́n pẹ́? Ẹ sin òkú lónìí, kí ẹnì kan tọ́jú ìwé dókítà, kó sì lọ sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ kan náà.

Ti àwọn ọmọdé ló tún wá burú jù. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í fẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. N kò bá àṣà yẹn jà, ìyá tó sọkún lálẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibà bá pa ọmọ mẹ́rin ládùúgbò kan láàárín òjò kan, tí kò sí ọ̀kankan nínú ìwé, kí ni a máa fi hàn nígbà tí a bá ń béèrè fún ilé ìwòsàn? Ìkànìyàn wa tó kẹ́yìn, 2006 ni. Ẹ̀yìn rẹ̀, ìfojúdíwọ̀n ni ìjọba ń ṣe, òkú tí a kò kọ sílẹ̀ sì ń bẹ nínú ìwé orúkọ olùdìbò bí ẹni tó ṣì lè tẹ̀ka.

Kí NPC àti ìjọba ìbílẹ̀ jókòó pọ̀, kí wọ́n fi akọ̀wé kan sí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba àti ibi ìsìnkú ńlá. Kí wọ́n lẹ iye owó tó yẹ kí ènìyàn san mọ́ ara ògiri, lédè Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má lè béèrè owó omi. Kí àlùfáà àti lémọ́ọ̀mù máa béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ ẹbí kí wọ́n tó dá ọjọ́ àdúrà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, ẹ ti kọ́ wa bí a ṣe ń kọ létà sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí a kò tíì rí rí. Ẹ mú fọ́ọ̀mù ikú kan wá sí kíláàsì ní SS2, kí a kọ́ bí a ṣe ń kún un, kí ó tó kan ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.