Ta Ló Yẹ Kó Ní Kí Ọmọ Jókòó?

Ìpàdé ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Amẹ́ríkà tó kọjá ti fẹ́ parí, wọ́n tilẹ̀ ti ń ṣí kúlà oúnjẹ, nígbà tí ìyá kan nínú wa dìde. Ó ní ọmọ òun tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì ti ń tiro láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kóòṣì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí wọ́n fi báńdéèjì di orúnkún náà, kó máa bọ̀ lórí pápá. Ọmọ náà gan-an ní kí ìyá òun má dá sí i. "Ẹ̀yin ará ilé, kí ni kí n wí fún un?" Kó tó jókòó, ilé ti dà rú. Àwọn bàbá kan ní kí ọmọ ṣe bí ọkùnrin, ṣé a mọ iye tí wọ́n ń ná lé e lórí lọ́dún ni? Àwọn mìíràn ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú eré ọ̀hún pátápátá, kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Oúnjẹ tutù, ọ̀rọ̀ ò yanjú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó yọwọ́ pátápátá, a gbọ́ yín, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Eré ìdárayá ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ aláìní kàwé gboyè nílẹ̀ yìí láìjẹ gbèsè. Àwọn tó ní kó mú un mọ́ra ni mo ń bá wí.

Ìrora kì í ṣe oríṣi kan. Ẹni tó sáré gun òkè láàárọ̀, itan rẹ̀ yóò ro ó lọ́jọ́ kejì. Ìrora iṣẹ́ nìyẹn, bí ara bá ti móoru, á rọlẹ̀. Èyí tó wú, tó dúró sójú kan, tó ń mú ni tiro, tí orúnkún ń há tàbí tó fẹ́ yẹ̀ bí èèyàn bá ní kóun yí padà, ìyẹn kì í ṣe ohun à ń mú mọ́ra. Ẹni tó ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí òkúta bá a léyín, kì í rún un kó lè fi hàn pé akin lòun. Á tu ú dànù, á sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí oríkèé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ibẹ̀ lè kú tipiri, kò wo nǹkan kan sàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ọmọ máa fi iṣan tó ti ya sáré láìmọ̀.

Ọmọ tí ìrora ń bá fínra mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ ó ń purọ́ fún dókítà. Ohun tó fà á kò ju ìbẹ̀rù lọ, ìbẹ̀rù náà sì nídìí. Ní 1973 ni àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àwọn eléré di ohun tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún. Nígbà náà, bí ọdún bá ti pé, kóòṣì lè ní kí wọ́n má tún un ṣe mọ́ fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Ọdún 2012 ni wọ́n tó gba àwọn ilé-ìwé láyè láti fún ọmọ ní ti ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di 2015 kí àwọn líìgì márùn-ún tó lówó jù tó fẹnu kò pé àwọn ò ní gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mọ́ nítorí pé ó fara pa tàbí pé kò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Ilé-ìwé tí ìpinnu yẹn kò kàn nígbà náà pọ̀ lọ jàra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Owó tún ti wá dé sí i. Láti 2021 ni wọ́n ti gba àwọn ọmọ wọ̀nyí láyè láti máa fi orúkọ ara wọn pawó, nígbà tó sì di 2025, àwọn yunifásítì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún wọn. Ọmọ ogún ọdún tó ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ifo, ṣé òun la ń retí pé kó gbẹ́nu sókè sọ pé orúnkún ń dun òun?

Kóòṣì ńkọ́? Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nà án ní Sátidé mélòó kan léraléra, iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Àwa òbí náà ńkọ́, tá a ti gbé fọ́tò ọmọ sórí WhatsApp, tá a ti sọ fún gbogbo ará Ibafo pé a óò máa rí i lórí tẹlifíṣọ̀n? Ẹni tí yóò jẹ nínú eré kò lè ṣe adájọ́ eré. Ibi tí èrò ojú ìwé yìí dúró sí nìyẹn: ẹni tí yóò ní kí ọmọ jókòó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan bí ọmọ bá jókòó. Kóòṣì kọ́, bàbá kọ́, ọmọ fúnra rẹ̀ náà kọ́.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn bàbá jù ni pé ọdún kan lórí bẹ́ǹṣì yóò pa ọmọ rì. Ẹ jẹ́ ká wo Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní New York ní 1977. Ó ti lè fi yunifásítì Indiana sílẹ̀ lọ máa gba owó ńlá, ó ní rárá, òun yóò lo ọdún tó kù. Ọdún 1999 yẹn náà ni iṣan orúnkún rẹ̀ já. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun, jókòó láti ṣa àwọn ọmọ tuntun ní 2000, gbogbo wọn fò ó dá, wọ́n ṣa ọmọ tán, orúkọ rẹ̀ ò jáde. Miami Dolphins wá gbà á wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì lo ọdún náà láìgbá bọ́ọ̀lù kankan. Ní 2003, nínú gbogbo AFC, tí í ṣe ìdajì NFL, kò sẹ́ni tó gbé àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì ṣánlẹ̀ tó o: ìgbà 15. Ní 2007, ó wà lórí pápá nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL, pẹ̀lú Chicago Bears. Mi ò ní kò pàdánù o. Owó tó yẹ kó gbà ní 2000 lọ, kò sì sẹ́ni tó dá a padà fún un. Ṣùgbọ́n orúnkún tó sinmi, tí wọ́n tọ́jú, ló fi dé ibi tó dé.

Orí tún yàtọ̀ sí orúnkún. Ọmọ Nàìjíríà kan ló la ojú ayé sí ewu tó wà fún orí: Bennet Omalu, dókítà tó yẹ ọpọlọ Mike Webster, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, wò ní Pittsburgh ní 2002 lẹ́yìn ikú rẹ̀, tó sì rí àrùn tí ọdún púpọ̀ tí wọ́n fi ń forí sọra dá sí i lára. Ní 2017, àwọn oníṣègùn yunifásítì Boston tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí ọpọlọ 202 ti àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí jáde. Nínú àwọn 53 tí eré wọn parí sí yunifásítì, àwọn 48 ló ní àrùn náà. Òótọ́ ni pé àwọn ẹbí tí nǹkan ti ń kọ lóminú ló sábà ń yọ̀ǹda ọpọlọ òkú wọn, nítorí náà a ò lè ní bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo eléré. Síbẹ̀, 48 nínú 53 kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ má sì rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀. Ìwádìí yunifásítì Glasgow fi hàn ní 2019 pé ikú látọwọ́ àrùn ọpọlọ láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ní Scotland tó bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ti àwọn ẹlòmíràn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e sì ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní England má fi orí gbá bọ́ọ̀lù mọ́ níbi ìdánrawò.

Ìpínlẹ̀ Washington ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ orí ní 2009, lẹ́yìn tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan, Zackery Lystedt, padà sórí pápá pẹ̀lú orí tó ti mì, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ọmọdé tí wọ́n bá fura pé orí rẹ̀ mì gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ padà àfi bí oníṣègùn bá kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi di 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń ta sí ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún orí. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ kùnà níbẹ̀rẹ̀ ọdún nígbà tí orí wọn pé, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n forí gbá nǹkan, kò ní hàn pé ó ti bà jẹ́. Ẹ bi ọmọ yín léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Ní Oṣù Kejìlá, lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Mowe, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan rọ́ ní abala àkọ́kọ́. Wọ́n gbé e jókòó sétí pápá, ẹnìkan fi eyín ya píọ̀ wọ́tà tó tutù, ó ń dà á sí i. Òmíràn bu bámù, ó ń fi àtàǹpàkò ra ibi tó wú náà tagbáratagbára, ọmọ ń lọ́ra, wọ́n ní kó má ṣe bí obìnrin. Wọ́n fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dè é pinpin, ó tún wọlé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun wọlé, nítorí pé wọ́n ti ní ẹni tó ń ṣa ọmọ fún ẹgbẹ́ ńlá wà láàárín èrò. Láti ìgbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ti gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025, kò sí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lágbègbè wa tí kò rò pé òun ló kàn. Àwọn tó sì ń pàtẹ́wọ́ jù nígbà tó ń tiro wọlé ni àwa tá a ti òkè òkun dé, àwa tá a ra jẹ́sì tó wà lọ́rùn rẹ̀. Lálẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun ni wọ́n gbé e lọ. N ò bá wọn jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọṣẹ́, ṣùgbọ́n eegun tó bá kàn sán, ọwọ́ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, àfi kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní ọsibítù.

Àwọn tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan ni, ẹ rántí Samuel Okwaraji tó ṣubú ní Súrùlérè ní ọjọ́ 12, Oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí à ń bá Angola gbá. Ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, a ò sì mọ̀ títí ó fi kú. Ní Oṣù Kẹta 2020, Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú bẹ́ẹ̀ ní Lafia, ariwo tó sì tẹ̀ lé e ni pé ohun ìtọ́jú tó yẹ kó wà létí pápá kò tó.

Ohun tí ìgbìmọ̀ yóò gbé wá síwájú yín rèé. Owó ìdíje Oṣù Kejìlá tí à ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún kò ní ra jẹ́sì kan ṣoṣo títí a ó fi gba nọ́ọ̀sì kan fún pápá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú yìnyín nínú kúlà, igi tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó dá, àti mọ́tò tí awakọ̀ rẹ̀ kò ní lọ wo bọ́ọ̀lù. Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá ní kó jáde ti jáde nìyẹn. Kóòṣì tó bá bá a jiyàn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdánù eré náà. Nọ́ọ̀sì yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ará àdúgbò ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń gbá a, nítorí a mọ ara wa.

Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ ńkọ́? Mo sọ fún un pé kó pe olùtọ́jú eléré ilé-ìwé náà, kó fi kóòṣì sílẹ̀. Kí wọ́n ya àwòrán orúnkún náà, kí dókítà tí kò gba owó oṣù lọ́dọ̀ yunifásítì sì bá a wò ó. Kó béèrè ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọmọ náà, kó ka ibi tó wí nípa ìfarapa kí ó tó bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn agbẹjọ́rò méjì nínú wa ti gbà láti bá òbí èyíkéyìí ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé fún Kérésì, ẹ fún akọ̀wé lórúkọ yín kí Oṣù Kọkànlá tó parí, kẹ́ ẹ sì sọ pápá tẹ́ ẹ máa lè dé: Ọ̀fàdà, Mowe, Ibafo tàbí Ifo.