Ẹ Jẹ́ Kí Á Mọ Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kí Á Tó Náwó

Àwọn kan a máa wí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń bẹ nínú ìwé òwò kò kan àgbẹ̀, pé kí ó sáà tọ́jú oko rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Accra ní ọdún 1948 sì ni ẹ̀rí mi.

Kí èbúté Tema tó ṣí ní 1962, etíkun Jamestown ni ọkọ̀ kéékèèké ti ń kó kòkó lọ sínú ọkọ̀ ńlá, tí wọ́n sì ń kó aṣọ àti ọjà òkèèrè bọ̀. Àwọn Ga ń pe àdúgbò náà ní Ngleshie Alata. Alata sì ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ará Gáńà fi ń pe àwa Yorùbá.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1948, Nii Kwabena Bonne, olóyè Osu Alata, ṣíwájú àwọn ènìyàn, wọ́n kọ̀ láti ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Lẹ́yìn ìpàdé, a kéde pé "gross profit margin" àwọn ilé-iṣẹ́ náà yóò lọ sílẹ̀ láti 75 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iye owó ọjà ni yóò já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìtajà ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, owó ọjà kò sọ̀kalẹ̀ bí wọ́n ti retí, inú sì bí wọn. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ọlọ́pàá yìnbọn pa mẹ́ta nínú àwọn ológun àná tí ń wọ́de lọ sí Christiansborg. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n jó ilé ìtajà, ènìyàn 29 sì kú kí ó tó rọlẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fa ìjà náà; ìbínú ti pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Bí aṣọ bá dé èbúté ní ṣílè 100, tí a fi èrè 75 lé e, yóò di ṣílè 175. Bí èrè bá di 50, yóò di ṣílè 150. Ṣílè 25 péré ni oníbàárà jèrè, ìyẹn ìdá kan nínú méje. Èrè ni a dín, kì í ṣe iye ọjà.

Èmi kò dá ará ọjà lẹ́bi. Ẹni tí ó kéde ọ̀rọ̀ tí kò túmọ̀ rẹ̀ ni ó jẹ̀bi, àwa tí ìkéde jẹ́ iṣẹ́ wa kò sì gbọdọ̀ yọ ara wa sílẹ̀. Ìkéde tí kò yé ará oko, a kò tíì kéde rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú ìwọ̀nyí dání. "Wholesale" ni títa ọjà lódidi fún ẹni tí yóò tún un tà. "Retail" ni títà á ní wẹ́wẹ́ fún ẹni tí yóò lò ó. "Gross" ni àpapọ̀ kí a tó yọ ohunkóhun kúrò. "Net" ni ohun tí ó kù. Bí a bá wọn kòkó pẹ̀lú àpò, "gross" ni; bí a bá yọ ìwọ̀n àpò, "net" ni. "Discount" ni ẹ̀dínwó. "Invoice" ni ìwé tí ń sọ iye tí a óò san. Rìsíìtì ni ẹ̀rí pé a ti san án. Ẹni tí ó sanwó tí ó sì mú "invoice" nìkan lọ sílé, kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Bí akọ̀wé bá na ìwé sí yín, ẹ má tẹ̀ka sí i kí ẹ tó bi í pé: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni èyí ń wí ní èdè wa?" Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.