Jíà Tí A Fi Gun Òkè Ni Kí A Fi Sọ̀kalẹ̀

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ni a fẹ́ bá yín sọ, pàápàá èyí tí ìjọ máa ń rìn pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ńlá lọ sí àwọn ìlú olókè.

Àwa tí a ń gbé Ọ̀fà, ilẹ̀ wa tẹ́jú. Awakọ̀ tí ń lọ Ìlọrin tí ó ń bọ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá láìmọ ohun tí ojú awakọ̀ ń rí lórí òkè gíga. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó, ìsìnkú àti àpéjọ máa ń gbé wa lọ sí ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń lọ gbàdúrà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1959. Ọmọ Kwara wa níhìn-ín ni, ọmọ Odò-Ọwá. Kí Olúwa tó pè é ní ọdún 1928, iṣẹ́ ọ̀nà ni ó ń ṣe. Òun ni ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì ní agbègbè Iléṣà sí Àkúrẹ́.

Bí a bá gba Òmù-Àrán àti Ọ̀tùn lọ sí Ẹ̀fọ̀n, tí a sì fẹ́ gba Iléṣà àti Òṣogbo padà sílé, a ó gba ọ̀nà tí ó ti Ẹ̀fọ̀n sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìwáràjà. Orí òkè ni Ẹ̀fọ̀n wà. Ìsàlẹ̀ ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń ya láti orí àpáta. Ẹni tí ó bá ti wo omi náà rí ti mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga tó. Irú òkè tí omi ń já bọ́ láti orí rẹ̀ yìí ni bọ́ọ̀sì wa, tòun ti èrò inú rẹ̀, gbọ́dọ̀ rọra sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ẹ̀rù máa ń ba èrò. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ń fà, àwọn ìyá wa ń pe Jésù. Bí ọkọ̀ bá ti dé téńté, gbogbo ènìyàn á mí kanlẹ̀, wọn á ní ewu ti kọjá. Ẹ̀yin ará, ìgbà náà gan-an ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá lè gun òkè yóò dúró ni, a ó sì sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá lè dúró nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀ kì í fún ni láyè láti ronú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá gbé ọgbọ̀n ènìyàn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ 70 kílò, èrò nìkan ti jẹ́ 2,100 kílò, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. A kò tíì ka ọkọ̀ fúnra rẹ̀, a kò tíì ka ẹrù. Gbogbo ìwúwo yìí ni ilẹ̀ ń fà sísàlẹ̀. Bí eré ọkọ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì yóò ṣe kí ó tó dá a dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni.

Báwo ni bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó ń fi ara ha irin tí ó ń yí pẹ̀lú táyà ni, bí ìgbà tí a bá ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn ní àsìkò ọyẹ́. Ooru ni ó ń tìdí rẹ̀ jáde. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbé e kúrò, ooru náà kò ní rí àyè lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ohun tí ń jóná. Lẹ́yìn náà, bíréèkì kò ní mú bí ó ti yẹ mọ́. Bí ọ́ọ̀lì bíréèkì bá sì ti gbó, tí omi ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó nínú ooru yìí, kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ lọ ràì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ pé bíréèkì já ni ó jẹ́ pé ohun kan já. Nígbà mìíràn, lílò àlòjù ni ó rẹ̀ ẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà awakọ̀ fi ń sọ pé jíà tí a fi gun òkè ni kí a fi sọ̀kalẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fi jíà kejì gun òkè kan, kí awakọ̀ má ṣe fi jíà kẹrin sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀. Jíà kékeré ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ di ọkọ̀ mú. Kí ó wọ jíà náà kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, nítorí pé bí eré bá ti pọ̀, jíà lè kọ̀ láti wọlé. Ọkọ̀ tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ náà ní ibi tí a ń fà á sí fún jíà kékeré. Kí awakọ̀ wá máa tẹ bíréèkì dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí eré dín kù, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ó lè tutù.

Àṣà kan wà tí a fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ bá wa fòpin sí, ìyẹn ni kí awakọ̀ fi ọkọ̀ sí fíríì nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀, kí epo má bàa tán. Ọkọ̀ tí ó wà ní fíríì kò ní ohun tí ó dì í mú mọ́ bí kò ṣe bíréèkì nìkan. Ẹni tí ó bá sì pa ẹ́ńjìnnì burú jù, nítorí pé ìdarí ọkọ̀ yóò le, bíréèkì náà yóò sì le lẹ́sẹ̀. Èló ni epo náà tí a fi ń tà ẹ̀mí ọgbọ̀n ènìyàn?

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé kan máa ń rìnrìn àjò nínú ọkọ̀ ńlá tí a kọ́ bí ilé, tí ibùsùn àti ìdáná wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dé àwọn òkè Rocky ní ìpínlẹ̀ Colorado, ẹ̀kọ́ jíà kékeré yìí kan náà ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ní ojú ọ̀nà mìíràn níbẹ̀, wọ́n la ọ̀nà kékeré tí ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́ lè yà síbẹ̀, kí ó sì rì dúró. Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé irú rẹ̀ nílé. Bí bíréèkì bá kọ̀, kí awakọ̀ gbìyànjú jíà kékeré, kí ó máa fun fèrè, kí ó máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ògiri òkè wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àfonífojì. Kí èrò má ṣe dìde, kí wọ́n má sì di awakọ̀ mú.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tí ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 4518, ọ̀sẹ̀ karùn-ún-lé-lógójì ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Táyà tókúnbọ̀ tí ó ń dán lè ti dàgbà. Nígbà tí ẹ bá sì ń bọ̀ láti Èkìtì, a mọ̀ pé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn ń wu ni. Ẹ má ṣe kó o jọ gègèrè sí orí ọkọ̀. Ẹrù tí ó wúwo lókè ni ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní kọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn wa jù ló kù yìí. Awakọ̀ ìjọ kì í sábà jẹ́ àgbà. Arákùnrin ọ̀dọ́ kan ni, tí ó ń pe gbogbo èrò inú ọkọ̀ ní Bàbá àti Màmá. Bí àgbà kan bá ní kí ó tẹ iná nítorí pé ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro fún un láti kọ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ó bá wọn ṣe ìsọ́ òru kí wọ́n tó gbéra ní ìdájí, kò ní fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kì í ṣe ẹni ẹ̀mí. Báyìí ni ọmọ tí kò sùn ṣe ń gbé wa sọ̀kalẹ̀ lórí òkè.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn àti ẹ̀yin alàgbà, ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ yín ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ dìde lójú gbogbo èrò, kí ẹ sọ pé láti ìsinsìnyí títí a ó fi dé, awakọ̀ ni olórí wa. Bí ó bá ní òun fẹ́ dúró kí bíréèkì tutù, a ó dúró. Bí ó bá ní ìkùukùu bo ọ̀nà, a ó dúró. Ẹ jẹ́ kí ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí àwa yòókù máa gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó ìrìnàjò ọmọ yín, ẹ bèèrè ẹni tí yóò wa ọkọ̀, àti ìgbà tí mẹkáníìkì wò ó kẹ́yìn. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni ìbéèrè yìí.

Nínú Deutarónómì orí kejìlélógún, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn ilé náà. Ọlọ́run tí ó lè gba ẹni tí ń ṣubú là ni ó pàṣẹ ìgbátí. Jíà kékeré, táyà tuntun àti awakọ̀ tí ó sùn dáadáa ni ìgbátí tiwa lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.