Ilé Iṣẹ́ Ni Kí A Wò Kí A Tó Sọ Aṣàn Ìgérin Lórúkọ

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí mu púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìperí bá jẹ́ ti gírámà tàbí ti lítíréṣọ̀, ìwé àti kíláàsì ni ilé tí ó yẹ kí wọ́n wò. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ń wá orúkọ bá jẹ́ ohun èlò oníṣẹ́-ọwọ́, ṣọ́ọ̀bù ni ilé rẹ̀. Níbẹ̀ ni àṣìpè ti lè di àṣìṣe, tí àṣìṣe sì lè di ọgbẹ́.

Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni ó ti di ṣíṣe lórí ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984 fún àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gé irin náà ń retí tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, èyí ni ohun olómi tí wọ́n máa ń dà sí ojú irin nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gé e. Gẹ̀ẹ́sì ní ju orúkọ kan lọ fún un. Orúkọ kan pè é ní ohun tí ń mú nǹkan tutù, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń pe omi inú rédíétọ̀ ọkọ̀. Òmíràn pè é ní ohun olómi tí a fi ń gé nǹkan. Ẹ̀kẹta, tí àwọn oníṣẹ́ ní Nàìjíríà ti sọ di ‘sólúbù’, túmọ̀ sí epo tí ń yòrò. Atúmọ̀ èdè tí kò bá kúrò nídìí tábìlì rẹ̀ yóò mú èyí àkọ́kọ́, yóò tú u sí ‘omi ìtutù’, yóò sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n kí ó fi ojú inú wo ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé ilé ní Jobele, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Fìdítì àti Ìlọrà. Agbègbè iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe gàárì, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ yóò wà níbẹ̀. Bí ó bá sì pẹ́ títí, ṣáàfù ẹ̀rọ náà yóò jẹ, ẹnì kan yóò sì ní láti fi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀dì rẹ́ òmíràn. Lẹ́ẹ̀dì a máa yí irin bírí-bírí sí ẹnu ọ̀bẹ líle, èérún irin a sì máa já bọ́.

Bí ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ bá ka ‘omi ìtutù’ nínú ìwé, omi ni yóò lọ pọn. Ohun tí ó ti rí ní àgbẹ̀dẹ yóò tilẹ̀ ti èrò náà lẹ́yìn, nítorí alágbẹ̀dẹ a máa ti irin pípọ́n bọ omi. Iṣẹ́ méjèèjì kò jọra. Líle ni alágbẹ̀dẹ ń wá nígbà tí ó bá ti irin bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìdí lẹ́ẹ̀dì, ọ̀bẹ ti le tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ó má baà gbóná títí líle rẹ̀ yóò fi yẹ̀. Omi lásán yóò mú un tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ yóò dípẹtà, ara ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó owó rẹ̀ jọ yóò sì dípẹtà pẹ̀lú.

Kì í ṣe pé omi kò wúlò. Ní 1906, Frederick Winslow Taylor sọ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé bí omi púpọ̀ bá ń ṣàn sí ibi tí ọ̀bẹ ti ń gé irin, eré iṣẹ́ lè fi ìdá 30 sí 40 nínú 100 yára sí i. Ṣùgbọ́n omi Taylor kì í ṣe omi lásán. Ó po sódà mọ́ ọn nítorí ìpẹtà.

Yàtọ̀ sí èyí, ìtutù kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ohun olómi yìí ń ṣe. Ọ̀nà méjì ni ooru ń gbà wá. Èyí tí ó pọ̀ jù ń ti inú irin fúnra rẹ̀ wá bí ọ̀bẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ tí ó sì ń ya á. Ìyókù ń wá láti inú bí èérún ti ń fi ara ha ojú ọ̀bẹ. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń yára, ìtutù ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí iṣẹ́ bá falẹ̀ tí ó sì nira, bí ìgbà tí wọ́n ń gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì sí inú nọ́ọ̀tì, ìyọ̀ ni wọ́n ń wá, epo nìkan ni ó sì máa ń dára jù. Àwọn irin kan kò tilẹ̀ fẹ́ nǹkan kan. Irin tí a yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, ní gráfáìtì nínú, ohun dúdú inú pẹ́ńsù. Gbígbẹ ni wọ́n sábà máa ń gé e, nítorí bí omi bá kan èérún rẹ̀ yóò di ẹrẹ̀.

Orúkọ náà ‘sólúbù’ ní àléébù tirẹ̀ bí a bá fẹ́ tú u. Iyọ̀ ń yòrò nínú omi. Epo kì í yòrò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti po ohun tí ń ṣe bí ọṣẹ mọ́ epo náà, èyí tí yóò pín in sí ẹ̀kán tíńtìntín, tí yóò sì mú kí ẹ̀kán wọ̀nyí dúró káàkiri inú omi. Ìdí nìyí tí àdàlù náà fi funfun bí wàrà, nítorí wàrà pẹ̀lú jẹ́ ọ̀rá tí ó fọ́n ká inú omi. Olùkọ́ tí ó bá kọ ‘epo ayòrò’ sí ojú pátákó ti kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì tí kì í ṣe òótọ́.

Níbí ni èdè Yorùbá ti ní ohun ìní tí ó yẹ kí á lò. Bí ènìyàn bá ní ‘mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin’, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín ni ó gba ẹyin sínú. Nítorí náà, ‘omi ẹlẹ́po’ ni àdàlù tí omi ti gba ẹ̀kán epo sínú. ‘Epo olómi’ sì ni èyí tí epo ti gba ẹ̀kán omi sínú. Ohun méjì ni wọ́n nínú sáyẹ́ǹsì, omi ẹlẹ́po sì ni oníṣẹ́ ń fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pò ó pẹ̀lú wà nínú orúkọ náà: omi ni ó kọ́kọ́ ń wọ inú ike, epo ni wọ́n ń dà lé e, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú rírò. Ìwọ̀n epo kan sí omi ogún ni ó wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ lẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ó bá da omi lé epo lè rí epo olómi, tí ó ki, tí kò sì wúlò fún iṣẹ́ náà.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú pe gbogbo rẹ̀ ní ‘epo ìgérin’. Ewu ńlá wà níbẹ̀. Epo tí ó sún mọ́ ọwọ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù ni èyí tí wọ́n fà jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ‘kọ́ńdẹ́ḿ’. Epo dúdú yìí ti kó èérí iná àti èérún irin jọ, ara ẹni ni ó sì máa ń ta sí. Ní Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, epo ẹ̀rọ ìrànwú tí ń rin aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ gbingbin fa jẹjẹrẹ awọ àpò ẹpọ̀n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí ìjọba fi ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1953. Orúkọ tí yóò bá rán ọmọ iṣẹ́ sí ìdí irú epo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe orúkọ rere.

Àwọn mìíràn yóò ní ‘sólúbù’ ti tó, pé àwọn oníṣẹ́ gbọ́ ara wọn yé. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ‘sólúbù’ ń tọ́ka sí ohun kan nínú ike ni. Kò sọ ohun tí ó jẹ́, kò sì lè bí orúkọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé ìkọ́ni nílò ìdílé ọ̀rọ̀.

Ìdílé náà nìyí. Kí ‘aṣàn ìgérin’, ohun tí ń ṣàn tí a fi ń ran gígé irin lọ́wọ́, jẹ́ orúkọ gbogbo wọn. Kí ‘epo ìgérin’ jẹ́ orúkọ èyí tí a kò fi omi là rárá, kí ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé sì yọ epo àlòkù sílẹ̀ kedere. Kí ‘omi ẹlẹ́po’ jẹ́ orúkọ àdàlù funfun. Kí ‘ìtutù’ àti ‘ìyọ̀’ jẹ́ orúkọ iṣẹ́ méjèèjì tí wọ́n ń ṣe, kí ‘omi ìtutù’ sì máa gbé inú rédíétọ̀ tí ó yẹ ẹ́.

Ìdánwò ọ̀rọ̀-ìperí oníṣẹ́-ọwọ́ ni ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò nà sí. Kí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè gbé àkójọ ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Kí wọ́n pe orúkọ náà sókè, kí wọ́n sì wo ike tí ọmọ iṣẹ́ yóò gbé.