Májèlé tí ó di Oògùn

Bí a bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, ohun tí ó ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ó parí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan wà, tí àwọn dókítà ń pè ní APL, tí májèlé gidi ń wò sàn.

Inú ara wa ni àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí ó ru ohun tí a jogún. Kúrómósóòmù ni wọ́n ń jẹ́. Nínú APL, okùn kẹẹ̀ẹ́dógún àti okùn kẹtàdínlógún á já, wọn á sì gba àjákù ara wọn. Kì í ṣe àrùn ìdílé o. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ funfun kò ní dàgbà mọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sí kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dọọdún tí àwọn mìíràn sì tún ń wọlé tì í. (Mo mọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ dáadáa.) Ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní èrìgì àti ní imú, ara á sì máa ní àpá dúdú; àwọn mìíràn á ní ayé ló nà án lójú oorun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú ọpọlọ, ó di ikú.

Ní 1985, ní Shanghai, Dókítà Wang Zhenyi fún ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan ní ATRA, oògùn tí ó jẹ́ ìbátan fítámì A, ara ọmọ náà sì yá. Ní 1988 wọ́n ròyìn aláìsàn 24: oògùn yìí nìkan ni ó lé àrùn lọ lára 23. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe pípa ni ó ń pa ọmọ ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ń mú un dàgbà ni.

Ní Harbin, ní ilẹ̀ Ṣáínà kan náà, Zhang Tingdong àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi àséníìkì wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ní 2013, Lo-Coco ará Ítálì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde nípa àwọn àgbàlagbà tí ọmọ ẹ̀jẹ̀ funfun wọn kò pọ̀ jù. Nínú àwọn tí ó gba ATRA pẹ̀lú àséníìkì, 97 nínú 100 wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì tí àrùn kò sì padà; ti àwọn tí ó gba ATRA pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́ jẹ́ 86. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ṣì nílò oògùn àtijọ́ mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ ra májèlé eku o! Inú iṣan ni wọ́n ń fa ti ilé ìwòsàn sí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n bí ẹní wọn wúrà, wọ́n sì ń yẹ ọkàn aláìsàn wò léraléra.

Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni àrùn yìí ń pa ènìyàn jù. Nítorí náà, bí dókítà bá ti fura sí i lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kì í dúró de èsì kúrómósóòmù kí ó tó fún aláìsàn ní ATRA. Bí èsì bá dé tí kì í ṣe APL, wọn á dá a dúró.